Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwa Olùfẹ̀yìntì Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa

Àwa olùfẹ̀yìntì láti Ìkọ̀yà, Igbótàkò, Òde-Ayé, Ìlútìtun àti Òkìtìpupa ti parí ìpàdé wa. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì la bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrùn ló gba ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló dá a sílẹ̀. Ó ní ife jábọ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kan, ẹnu òun wọ́, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ohun gbogbo fi bọ̀ sípò. Ará ilé ní ọfà ni. Òun náà dúpẹ́, ó lọ sùn. Ìpàdé fẹnu kò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìkìlọ̀ rọpárọsẹ̀ ni, ọjọ́ mélòó kan tó bá tẹ̀ lé e ló sì léwu jù.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì láàrin wa là á yé wa. Iṣan ńlá méjì gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú wọn títí ọ̀nà á fi fún. Láti 1991 tí àbájáde ìwádìí ńlá kan ti jáde ní Àríwá Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti rí ìkìlọ̀, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì fún tó ìdá 70 nínú 100, làwọn dókítà ń yàn fún iṣẹ́ abẹ jù. Ṣùgbọ́n fífún nìkan kọ́. Ọ̀rá kan lè dì síbẹ̀ kó dákẹ́; òmíràn á máa wú, á máa gbóná bí eéwo tó fẹ́ tú. Ìyẹn ló ń ya, tí èérún rẹ̀ ń bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ dí ọpọlọ. Ní Dublin, ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Kelly fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán. Ibi tó ń gbóná ló ń jẹ ṣúgà jù, ẹ̀rọ PET sì ń yà á jáde bí iná. Àwọn tí ọrùn wọn tàn jù ni rọpárọsẹ̀ tètè tún kọlù.

A kò bèèrè PET o! Láàrin nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú, ìdajì ìtànṣán náà ti lọ. Bí wọ́n tilẹ̀ ń sè é n'Ìbàdàn, kí mọ́tò tó já sí Òrè, kí ló kù? A kò tíì ka kòtò ojú ọ̀nà.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún, èyí tó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọrùn, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ní Òkìtìpupa níbí. Kò ní fi gbígbóná hàn wá, àmọ́ á fi fífún hàn.

Iyọ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde àbájáde ìwádìí wọn lórí ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sóúnjẹ lórí tábìlì náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ní pupuru kò ṣeé jẹ lọ́bẹ̀ títẹ́. Ìbò la fi yanjú rẹ̀: iyọ̀ kò ní bá wa jókòó nípàdé mọ́.

Akápò ti yọ owó ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò wà. A ó wọn kálukú kó tó buwọ́ lùwé.

Alága
Akọ̀wé