Ara Sísú Lára Ẹni Tó Ní HIV: Kí A Má Di Ẹ̀bi Ru Oògùn Nìkan

Bí ara ẹni tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV bá sú, oògùn tó ń lò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ìfura náà ní ìpìlẹ̀. Nígbà tí nevirapine wọ́pọ̀, ó máa ń mú kí ara àwọn kan sú, nígbà mìíràn lọ́nà tó léwu gan-an. Ṣùgbọ́n ìgbà ti yí padà. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dolutegravir ṣe ààyò oògùn, ara sísú kò sì wọ́pọ̀ nídìí rẹ̀ bíi ti nevirapine. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó yẹ kí orúkọ mìíràn tètè máa wá sí ọkàn dókítà àti nọ́ọ̀sì: sífílíìsì.

Sífílíìsì kì í ṣe àtọ̀sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ìbálòpọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbà ranni. Egbò tí kì í sábà dunni ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé àwọn ní in. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ara á wá sú. Kì í sábà yúnni, ó sì lè yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ìwé ìṣègùn òyìnbó máa ń sọ pé ó pọ́n; lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ bàbà. Lára ẹni tó ní HIV, egbò àkọ́kọ́ lè má tíì jinná kí ara tó sú, sísú náà sì lè ṣàjèjì. Ojú lásán kò tó láti fi dá a mọ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú. Àyẹ̀wò kíákíá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àrùn tó wà àti èyí tí a ti wò sàn. Ó lè máa fi hàn pé ó wà títí ayé. Èyí ni a fi nílò àyẹ̀wò RPR, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ìtọ́jú bá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bí èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn náà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, RPR lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Bí ara bá sú tí èsì sì rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà ní kí wọ́n bu omi là á, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní, "Kòkòrò kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́." Ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí wọn kò lè kó HIV ran ẹnìkejì wọn nípa ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn kò wo sífílíìsì rárá, oògùn HIV kò sì dènà rẹ̀.

Ara sísú yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi ìpara tàbí àgbo wò ó á rò pé òun ti sàn, àrùn á sì wà lára, ó lè dé ojú, etí àti ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ benzathine penicillin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wo sífílíìsì tí kò tíì pẹ́ lára, kódà fún ẹni tó ní HIV; bí ojú bá ń ṣú tàbí tí etí bá ń di, ìtọ́jú mìíràn ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn HIV dúró fúnra rẹ̀ nítorí ara sísú. Kí ó tètè fi ara han ilé ìwòsàn, kí ó béèrè fún àyẹ̀wò sífílíìsì, kí olólùfẹ́ rẹ̀ náà sì ṣe é.