Dróònù Tó Já Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ayé

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òrìn-Èkìtì ń fọwọ́ ara wọn to dróònù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin. Tó bá já, ọ̀dọ̀ èmi tí mò ń tún rédíò ṣe ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn kan á ti ní afẹ́fẹ́ ni, àwọn kan á ní iṣẹ́ ayé ni.

Kí n tó fọwọ́ kan wáyà kankan, n ó kọ́kọ́ tú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ó ń gé ìka. N ó wá tan ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó fi bébà pélébé kàn án kí n lè mọ ibi tó ń yí sí. Méjì ní láti yí sọ́tùn-ún, méjì sósì, àwọn tó wà ní igun sí igun á sì jọ yí síbì kan náà. Bí ẹyọ kan bá ṣòdì, ṣe ni dróònù yóò takìtì kó tó kúrò nílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ipò wáyà méjì nínú mẹ́ta ẹ́ńjìnnì yẹn, ó parí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pápá ilé ìwé tí wọ́n ti ń dán dróònù wò, tí ọmọdé ń sáré kiri níbẹ̀! Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láìgbàṣẹ. N ò bá òfin jà, àmọ́ Àbújá tí àṣẹ ti ń wá jìn sí Òrìn. Kí ìjọba Èkìtì bá wa gba àṣẹ kan fún pápá kan ní Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì FUOYE wà. Kí wọ́n ṣáà ti gé koríko ibẹ̀. A ò bèèrè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.