Ara Yìí Ní Ẹni Tó Ni Ín

Ẹ̀yin ará Ẹdẹ Màpó Arógun, pàápàá ẹ̀yin onígbàgbọ́ tí ẹ ń lọ sílé ìsìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá bi wá pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni sìgá mímu, kò ní tíì parí ọ̀rọ̀ tí a ó ti dáhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó bá bi wá nípa ọtí, ohùn wa lè pín díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bi wá nípa ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù tó kọ̀ jálẹ̀, tàbí nípa ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru tó sì da oògùn rẹ̀ nù, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó mọ ohun tó ń pa á, tó lágbára láti jáwọ́ nínú rẹ̀, tó sì ń bá a lọ, ó ń ṣẹ̀ sí Ẹni tó dá a. Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ débi tó yẹ kó dé, kó má sì sọ ọ́ kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun nílùú wa. Yunifásítì Adeleke tó wà níbí láti ọdún 2011, ìjọ Seventh-day Adventist ló bá tan, àwọn tó ń ya ọjọ́ Sátidé sọ́tọ̀ fún ìsìn. Láti ọdún 1863, nígbà tí Ellen White, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ ìjọ náà, sọ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà pé Ọlọ́run fi ìran hàn òun nípa ìlera, ni àwọn èèyàn yìí ti ń kọ́ ọmọ wọn pé oúnjẹ, omi, oorun àti iṣẹ́ ara wà lára ìsìn. Wọn kì í mu sìgá, wọn kì í mu ọtí, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ẹran rárá. Ẹdẹ yìí kan náà ni Àpósítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ Christ Apostolic Church ti sùn nínú Olúwa ní oṣù Keje ọdún 1959, kí wọ́n tó gbé e lọ sin sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Nígbà ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, ní Iléṣà, lọ́dún 1930, omi tí a gbàdúrà sí ni èrò ń wá gbà fún ìwòsàn. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú ọ̀rọ̀ ara le débi pé nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lo kuníìnì nítorí ibà, awuyewuye bẹ́ sílẹ̀, ó sì wà lára ohun tó tú àwọn àti òyìnbó náà ká ní nǹkan bí ọdún 1940. N kò gbà pé oògùn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí nǹkan ti yí padà, kó lọ wo Yunifásítì Redeemer's ti ìjọ Ìràpadà, níhìn-ín ní Ẹdẹ, tí ilé àyẹ̀wò rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú kòkòrò Kòrónà wò fínnífínní nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2020. Síbẹ̀ mo bọ̀wọ̀ fún ohun kan nínú ìjà àwọn bàbá wa: wọ́n mọ̀ pé ohun tí èèyàn ń fi sẹ́nu kan Ọlọ́run.

Kí wá ni Bíbélì sọ? Ibi tí a sábà máa ń tọ́ka sí fún amusìgá ni ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ara wọn ni tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ ka orí kẹfà yẹn láti òkè wá, ẹ ó rí i pé àgbèrè ló ń bá wọn wí nípa rẹ̀. Tábà kò tíì dé ilẹ̀ wọn nígbà náà rárá. Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Máàkù orí keje pé ohun tó ń wọ inú èèyàn kọ́ ló ń sọ ọ́ di aláìmọ́. Pọ́ọ̀lù kan náà ló gba Tímótì níyànjú pé kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní oúnjẹ tàbí ohun mímu kan jẹ́ ẹ̀gbin lójú Ọlọ́run ti sọ ju ohun tó kà lọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí Pọ́ọ̀lù gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé kò tíì yẹ̀: ara yìí ní Ẹni tó ni ín, àwa kọ́. Ìwé Òwe pẹ̀lú so ọ̀mùtí àti wọ̀bìà pọ̀ mọ́ ìkìlọ̀ kan náà. Àwa ni a tú wọn ká, tí a ń bá ọ̀kan wí, tí a sì ń bu kún abọ́ èkejì. Àwọn Kátólíìkì kò tú wọn ká: ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1992 ka àṣejù nínú oúnjẹ, ọtí, tábà àti oògùn sí ohun kan náà tí onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ yàgò fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi ìdúpẹ́ kan ní Òkè Gádà tàbí ní Owódé. Bàbá ìjọ kan jókòó, ó ní òun kì í fẹnu kan ọtí, wọ́n yìn ín. Wọ́n gbé mínírà fún un, ó mu ún tán kí ìrẹsì tó dé. Wọ́n gbé òmíràn. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ọmọ tó ń gbé mínírà náà mọ̀. Ìgò 50cl tí wọ́n bá kọ gíráàmù ṣúgà 10 sí lára fún mílílítà 100 kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 50 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ju ṣíbí tíì 12 lọ. Bí bàbá yẹn bá bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú kọ́ọ̀pù omi lójú wa, a ó sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, magí tó wọ inú ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn, òun ló fi burú. Arábìnrin kan ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Wòlíì kan gbé ọwọ́ lé e lórí níbi ìṣọ́ òru, ó ní ó ti bọ́, kó má lo oògùn mọ́. Ó délé, ó kó káàdì oògùn náà dànù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, nǹkan kan ò ṣe é, nítorí kò sí ohun tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́rìí, a pàtẹ́wọ́, a kọrin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó jí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún kò gbé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Pọ́lì ní láti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè máa wẹ̀ fún un. Ẹni mélòó nínú wa ni kò mọ ilé kan tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ẹ̀ṣẹ̀ yẹn wà lọ́rùn wòlíì tó ní kó da oògùn nù ju bó ṣe wà lọ́rùn aláìsàn lọ.

Kò sì sí ẹni tó ń ba ara tirẹ̀ nìkan jẹ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e. Tábà ń pa ju èèyàn mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dún káàkiri ayé, ó sì ju mílíọ̀nù kan nínú wọn tí kì í mu ún, tó jẹ́ èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú. Bàbá tó ń mu sìgá nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ sùn sí ti ṣẹ̀ sí ọmọ náà, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹsẹ Bíbélì kan tó dárúkọ sìgá.

Ibi tí mo ti ní a kò gbọdọ̀ kọjá nìyí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí na aláìsàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe òbí rẹ̀. Àìsàn púpọ̀ ń bẹ tí kò ti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe wá. Tálákà tó ń mu gàrí lójoojúmọ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò rí èso rà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ́ tí oògùn ìrora tramadol ti sọ di ẹrú, nítorí ẹrù tó wúwo tó fẹ́ gbé tàbí ọ̀kadà tó fẹ́ gùn di òru. Ó lè jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àtijáwọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ tó ní koòdínì, èyí tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tún ń mu, lọ́dún 2018. Òfin yẹn kò wo ẹni tó ti wọ̀ lẹ́wù sàn. Bí a bá lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ igi tí wọ́n ti ń tà á ni yóò padà sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀ àti wòlíì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà ló ní kó dá a dúró. Ẹ máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ń se àsè, ẹ gbé omi síwájú àlejò ṣáájú mínírà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, kò sí ìjọ tí kò ní yín: ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá yín dání, kí ẹ gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pe àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí náà, nítorí inú agbolé kan náà ni a ti jọ ń jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ kan náà. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n fún un lọ́jọ́ mìíràn. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ má kàn ní kó lọ sí ọsibítù. Kí ẹnìkan nínú ìjọ bá a lọ.