Kónílé-Ó-Gbélé: Ẹni Tí Kò Nílé Ńkọ́?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ẹni tí kò nílé ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn.

Àwọn aráàlú tí kò gba kọ́bọ̀ ló dìde. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n di ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà sápò, wọ́n gbé e kiri àdúgbò. A kí wọn kú iṣẹ́.

Ní oṣù kẹwàá, èrò já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Tálákà ti pín tirẹ̀ tán. Èyí ṣì wà ní títì pa!

Bí a kò bá gba owó oṣù méjì péré, onílé yóò lé ọ̀pọ̀ nínú wa síta. Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù de ọjọ́ ìṣòro. Kí a sì máa bi ìjọba: kí ẹ tó lé ènìyàn kúrò nílé, ibo lẹ ní kó kó lọ? Àánú dára, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe òrùlé.