Àwòrán Tí Kò Gbọ́ Ewì

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọnà pé àwòrán tí ó bá gbára lé ewì, ọmọ-ọ̀dọ̀ ewì ni. Pé ojú ni a ṣe àwòrán fún, kò sì yẹ kí ó máa tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbàdàn gan-an ni yóò kọ́kọ́ ta kò ó. Ní 1962 ni ẹgbẹ́ Mbari, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1961, tẹ Heavensgate, ìwé ewì Christopher Okigbo, jáde. Demas Nwoko ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ta ni yóò pe Nwoko ní ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni?

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń sọ pé ewì ìlú ńlá ni àwọn ń yà náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ewì tí J. P. Clark kọ nípa Ìbàdàn kò ju ìlà 5 lọ, síbẹ̀ òrùlé páànù nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn rí mú nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣe Èkó ni, dáńfó, afárá, obìnrin tí ó gbé igbá lérí: ó parí. Ẹni tí ó ń ra àwòrán sí pálọ̀ kì í kúkú fẹ́ èyí tí yóò ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Kí wọ́n lọ ya Aluu. Ìlú àwọn Ikwerre ni, lẹ́bàá Yunifásítì Port Harcourt. Ìlú ńlá ti fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, 2012, èrò fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ 4. Wọ́n mú wọn rìn kiri ní ìhòòhò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn 3. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Kí àwọn tí wọ́n ní ojú nìkan tó wá dáhùn. Fídíò yẹn, àwòrán tí kò gbọ́ ewì ni. Ó fi ara àwọn ọmọ náà hàn gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò sọ ọmọ ta ni wọ́n, kò kì wọ́n, kò sunkún wọn. Ẹni tí ó wò ó di ọ̀kan nínú èrò tí ó yí wọn ká. Oníṣẹ́ ọnà tí ó bá tún fi ọ̀dà ya iná náà kan ń ran olóòfóònù lọ́wọ́ ni. Akéwì a máa pe òkú ní orúkọ. A sì máa bi ìlú léèrè. Ayàwòrán tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yẹn lè fi iná sílẹ̀, kí ó ya àwọn tí wọ́n káwọ́ gbera: bàtà wọn, ẹ̀rín ẹnu wọn, ọmọdé tí ẹnì kan gbé kọ́ èjìká kí ó lè rí i dáadáa. Babatunde Lawal ti ṣàlàyé pé inú “à-wò-rántí” ni “àwòrán” ti wá. Kí ni fídíò náà ń rán ni létí ju ẹ̀rù lọ?

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ Rivers kò kan ẹ̀ka Yorùbá. Irọ́ ni. Táyà àti bẹntiróò kò ṣàjèjì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, igbe “Olè!” sì ti kó èrò jọ ní ọjà Yorùbá rí. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà nínú ọgbà kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ewì ń gba ìwé ẹ̀rí lọ láì mọ ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń po ọ̀dà.