Ẹlẹ́rìí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Nínú Owó Ìtanràn

Ẹ̀yin baba wa lórí oyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò kí ó tó bá wa lójijì. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kámẹ́rà tí a ń gbé sí oríta, èyí tí ń ya àwòrán nọ́mbà ọkọ̀ tí ó bá rú òfin, tí ìwé owó ìtanràn yóò sì tẹ̀lé e dé ilé ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi irú agbára bẹ́ẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́? Lójú tiwa, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí a kò gbọdọ̀ gbà, èyíinì ni pé kí ẹni tí ń jẹ́rìí máa jẹ nínú owó tí ẹjọ́ náà bá mú wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo rere rẹ̀. Ìlú New York kò lè fi kámẹ́rà mú awakọ̀ tí ń sá eré àsápajúdé títí ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ rẹ̀ fi fún un ní àṣẹ ní ọdún 2013, àyíká ilé-ìwé 20 péré ni àṣẹ náà sì kọ́kọ́ mọ sí. Ní ọdún 2019 a fẹ̀ ẹ́ dé àyíká ilé-ìwé 750. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni àwọn kámẹ́rà náà sì ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 50 dọ́là. Ìjọba ìlú náà ròyìn pé eré àsápajúdé dín kù ju ìdá 70 nínú 100 lọ níbi tí a gbé kámẹ́rà sí. Kò yani lẹ́nu, nítorí kámẹ́rà kò mọ ọmọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí ọmọ tálákà, a kò sì lè ká owó sínú ìwé ọkọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìlú Chicago bẹ̀rẹ̀ sí fi kámẹ́rà mú àwọn tí ń kọjá nígbà tí iná pupa bá tàn ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Redflex ni ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 2016, kóòtù rán John Bills, ẹni tí ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ní ẹ̀ka ìrìnnà ìlú náà, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó gbà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2014, olùbẹ̀wò ìlú náà rí i pé a ti kọ ìwé owó ìtanràn bí 77,000, ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí iná aláwọ̀ ìyeyè kò ti pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí pupa tó tàn. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìtọ́jú òpópó, iná ojú pópó àti ibùdókọ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà òfin tí ó yanjú ni ó gbọdọ̀ ṣáájú. Kì í ṣe kí alága kan jí lówùúrọ̀ kí ó máa ri òpó mọ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ìgbìmọ̀ tí kò lè dí kòtò ojú ọ̀nà kò yẹ ní ẹni tí a ń fún ní kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣàdànù. Ìdáhùn wa ni pé kí a fi kòtò náà ṣe àdéhùn: níbi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, tàbí tí kò sí àmì tí ń sọ ìwọ̀n eré, kí a má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí iye tí a ń san fún ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ dúró lójú kan, yálà ẹni mẹ́wàá ni a mú tàbí ẹgbẹ̀rún. Kí a máa ná owó ìtanràn sórí ààbò ojú ọ̀nà nìkan, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sí etí ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ta ọkọ̀ láìyí orúkọ padà. Nítorí náà kí ẹni tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè rí àwòrán náà, kí ó sì rojọ́ níwájú ẹni tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a sì pa àwòrán ẹni tí kò ṣẹ̀ rẹ́, nítorí òfin tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 2023.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, nígbà tí àwọn olóyè ìjọba bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ààfin, inú àwọn ọmọ tí ń sọdá lọ sí ilé-ìwé yóò dùn bí ẹ bá gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni yóò máa sanwó fún ẹlẹ́rìí yìí, ọ̀nà wo ni yóò sì máa gbà san án? Bí wọn kò bá lè dáhùn ní gbangba, kí òpó náà má ṣe wọlẹ̀.