Ta Ni Ẹlẹ́rìí Jésù Lẹ́yìn Bíbélì?

Ìbéèrè tí tíṣà kan gbé tọ̀ mí wá ni a ó yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ kan dìde ní kíláàsì rẹ̀, ó ní bí a bá mú Bíbélì kúrò, ta ló tún sọ pé Jésù gbé ayé rí? Tíṣà ní kí ó jókòó. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn, nítorí ìbéèrè ọmọ náà ní ìdáhùn.

Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, ẹ̀rí ọ̀rẹ́ ẹni kì í wúwo tó ẹ̀rí ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe Tacitus, ìjòyè Róòmù kan. Ní nǹkan bí ọdún 116, ó kọ ìtàn iná tó jó Róòmù ní ọdún 64, tí Nérò di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn Kristẹni. Ó ní Kristi tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ náà, Pílátù ló pa á láyé Tìbéríù Késárì. Ohun ibi ló ka ẹ̀sìn náà sí, nítorí náà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ kó tó kọ̀wé, oyè tó sì pe Pílátù kì í ṣe èyí tó wà lára òkúta tí wọ́n hú jáde ní Kesaríà ní 1961. Ẹlẹ́rìí gidi ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣojú rẹ̀.

Josephus, ọmọ Júù, ló kàn. Nínú ìwé tó kọ ní nǹkan bí ọdún 93, ibì kan wà tí ó ti pe Jésù ní Kristi gan-an. Ẹ má yára yọ̀ o! Àwọn Kristẹni ló ń da ìwé náà kọ láti ìran dé ìran, Origen sì ti sọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta pé Josephus kò gbà pé Jésù ni Kristi. Epo tí wọ́n fi omi lú nìyẹn.

N kò ní torí agolo kan da gbogbo epo nù. Níwájú nínú ìwé yẹn kan náà, Josephus ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 62. Gómìnà kan kú, èyí tí ń bọ̀ kò tíì dé, ni àlùfáà àgbà Ananus bá ní kí wọ́n sọ ọkùnrin kan lókùúta pa. Jákọ́bù ni orúkọ rẹ̀. Jákọ́bù pọ̀ nígboro nígbà náà, ìyẹn ni Josephus fi sọ pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Jésù tí àwọn kan ń pè ní Kristi ni. Kò yin Jésù, kò bú u, ó kàn fi júwe ènìyàn ni, bí àwa náà ti í sọ pé Làmídì àbúrò lágbájá. Ta ló ń fi ẹni tí a kò bí rí júwe ọmọ ìyá rẹ̀?

Jákọ́bù yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Gálátíà pé òun fojú rí ní Jerúsálẹ́mù. Inú Bíbélì ni lẹ́tà náà wà lónìí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ọ́, ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ikú Jésù, lẹ́tà lásán ni, ìjà ló sì fi ń jà, tó fi búra pé òun kò purọ́.

Pé ọkùnrin náà wà, pé Pílátù pa á, èmi gbà pé ẹ̀rí wọ̀nyí tó o. Ti àjíǹde rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, Tacitus kò dá sí i rárá. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.